Àlejò Tí Kò Ní Ẹ̀mí Mẹ́ta

Ajé, 22 oṣù Kejì, 1988

Dúdú ti dé. Orúkọ tí mo sọ kọ̀ǹpútà náà nìyẹn — ó dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sì tóbi ju ìwé orin ìjọ lọ. Olúwaṣọlá, ọmọ iléèwé wa àtijọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fi ta iléèwé lọ́rẹ. A ní láti so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kó tó lójú, a sì ní láti fi kásẹ́ẹ̀tì bọ́ ọ kó tó mọ ohun tí yóò ṣe. Nínú gbogbo wa ní Ṣakí níbí, Ràmọ́nì nìkan ni mo mọ̀ tó lè tò ó.

Ràmọ́nì ń kọ́ wọn ní físíìsì, èmi ń kọ́ wọn ní Ìmọ̀ Bíbélì. Tábìlì wa kò jìnnà síra ní yàrá àwọn olùkọ́. Alfa ni mo ń pè é, òun ń pè mí ní Ìyá Ìjọ, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì pé ogójì ọdún.

Kásẹ́ẹ̀tì géèmù kan bá a wá. Akọni kan nínú ilé ńlá olókùúta, ó ń fi idà bẹ́ iwin àti dírágónì. Bó bá rí àgbélébùú nílẹ̀, tó ṣà á, iwin kò ní lè fọwọ́ kàn án. Bó bá mu nínú ife wúrà — ife tó jọ ti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa gẹ́lẹ́ — ó tún gba ẹ̀mí kan sí i. Ẹ̀mí mẹ́ta ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó kú, ó dìde. Ó kú, ó dìde.

Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì karùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilẹ̀kùn lábù. Yétúndé, tí kì í lanu sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mi, ló bi mí nígbà tí akọni náà dìde: "Tísà, ṣé bí ti Jésù ṣe rí náà nìyẹn? Ṣé ẹ̀mí méjì ló ní?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo ní a ó sọ ọ́ lọ́la.

Ìṣẹ́gun, 23

Mo sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún Yétúndé. Kò sí èyí tó dáa nínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 25

Mo ti mọ ohun tó ń dùn mí. Nínú géèmù òyìnbó yẹn, ońdè ni àgbélébùú — so ó mọ́rùn, kí ibi sá. Ife Olúwa di àgbo. Ikú kò sì ná ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ta ni yóò sunkún ẹni tó fi ẹ̀mí méjì pamọ́ sílé? Mi ò rò pé àwọn tó ṣe é fẹ́ fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n rí ohun tó ń dán nílé wa, wọ́n mú un, wọn ò bèèrè ohun tí a fi ń ṣe.

Mo sọ fún Ràmọ́nì pé mo fẹ́ ká ṣe tiwa. Lédè Yorùbá. Akọni kan, ẹ̀mí kan. Bó bá kú, ó kú.

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Ìjọ, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ṣe géèmù tí wọ́n á ti pa á, tí kò ní dìde."

Mo ní kó kọ́ mi.

Ó ní wàhálà wà níbẹ̀ o.

Mo ní ṣé mo sọ fún un pé mò ń wá ìsinmi ni.

Àìkú, 28

Pásítọ̀ gbà. Bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i, a ó ṣe é nínú gbọ̀ngàn ìjọ fún àwọn ọ̀dọ́, ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde. Alága ìgbìmọ̀ ni Díákónì Jẹ́ẹ́dé. Ọ̀pá ni mo ń pè é nínú ìwé yìí — ó ga, ó gbẹ, kì í tẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Kí àgbélébùú hàn gbangba níbẹ̀. Kí ẹni tó bá wọlé mọ ilé ẹni tó wọ̀."

Ọjọ́rú, 2 oṣù Kẹta

Ìtàn náà nìyí. Ìlú kan, gbogbo kànga ti gbẹ. Ẹranko kan dùbúlẹ̀ sórí orísun omi nínú igbó, ó ń gba èèyàn kan lọ́dọọdún kó tó jẹ́ kí omi díẹ̀ ṣàn. Àlejò kan dé. Mi ò fún un lórúkọ mìíràn, Àlejò náà ni. Ó ní òun yóò lọ. Ó mú búrẹ́dì, fìtílà àti ọ̀kọ̀. Lójú ọ̀nà yóò pàdé ẹni tí ebi ń pa, yóò pàdé ẹni tí òkùnkùn bò mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń ṣe géèmù lè fún wọn, ó sì lè fi tirẹ̀ pamọ́. Bó bá dé ibi omi, ọ̀kọ̀ yóò ṣẹ́. Kò sí bó ṣe lè pa ẹranko náà. Àfi kó fi ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó kú, omi tú jáde.

Mo bi onílé mi, Bàbá Ọdẹ́tọ́lá, bí igbó ṣe máa ń rí bí èèyàn bá ti ń sún mọ́ ẹranko tó lágbára. Ọdẹ ni, kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó ní, "Ẹyẹ ni yóò kọ́kọ́ dákẹ́." Lẹ́yìn náà ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ bí mo bá parí rẹ̀, kí òun mọ̀ bóyá mo purọ́ mọ́ igbó.

Mo kọ ọ́ sínú iṣẹ́ náà: ẹyẹ dákẹ́.

Àbámẹ́ta, 5

Iṣẹ́ yìí dà bí kí èèyàn máa bá ọmọ alágídí sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ló ń ṣíwájú gbogbo ìlà. Bí èyí bá rí báyìí, lọ síbí; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lọ sọ́hùn-ún. Bí mo bá ṣì lẹ́tà kan tẹ̀, Dúdú a dúró, a máa wò mí. Ràmọ́nì kì í bá mi tún un ṣe. A máa sọ pé, "Ẹ tún un kà," a sì máa bá gúgúrú rẹ̀ lọ. Orí ń fọ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́rú, 9

A dé ibi ikú. Ràmọ́nì gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

"Ìyá Ìjọ, ta ni Àlejò yìí?"

Mo ní ṣebí ó mọ̀.

Ó ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn tí òun kò fi lè kọ ọ́. Pé nínú ẹ̀sìn tòun, wọn kò pa Ànábì Ísà, Ọlọ́run ló gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Pé bó bá jẹ́ akọni inú àlọ́ lásán ni, òun á pa á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. "Ṣùgbọ́n ìka mi kò ní tẹ ìyẹn. Ẹ má bínú."

Mo bínú. Mo ní géèmù ni, Alfa.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé kì í ṣe géèmù lásán."

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló fi mú mi. Mo kó ìwé mi, mo jáde.

Ọjọ́bọ̀, 10

A kí ara wa bí ẹni tó ń san owó orí.

Ẹtì, 11

Ràmọ́nì lọ kírun Jímọ̀. Èmi àti Dúdú nìkan la kù ní lábù. Mo ní bí òun kò bá lè kọ ọ́, èmi ni n óò kọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mo gbà á gbọ́. Mo kọ ọ́ títí dé ìdajì, NẸ́PÀ mú iná lọ. Gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ní kí ẹ̀ṣọ́ iléèwé tan jẹnẹrétọ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ó kú. Mo rò pé inú mi á dùn tí mo bá parí rẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n tó ṣókùnkùn.

Àbámẹ́ta, 12

Mo pe Yétúndé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá dán an wò. Ohun kan wà tí mi ò rò tẹ́lẹ̀: Dúdú kò mọ àmì ohùn. Kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀kọ̀ Àlejò ti ṣẹ́, ohun tó jáde ni OKO ALEJO TI SE. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan wọn bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Mi ò ní kọ ohun tí wọ́n kà síbẹ̀. Ràmọ́nì, tó wá mú ìwé rẹ̀, ń wo ojú fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Nígbà tí Àlejò kú, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Yétúndé nìkan ló bèèrè bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 15

Ìgbìmọ̀ wá wò ó. Ọ̀pá kò jókòó. Àsìkò tí Àlejò wọ ìlú, tí àwọn ará ìlú ń sọ fún un pé ogun ń bọ̀ wá bá ìlú nítorí omi, Ọ̀pá tẹ̀ síwájú, ó kà á sókè: "Ògún ń bọ̀ wá bá ìlú."

Mo ní, ogun ni, bàbá. Ogun. Ìjà.

Ó ní, "Ohun tó wà níbẹ̀ kọ́ ni mo kà?"

Mo ní ẹ̀rọ kò lámì ohùn.

Ó ní, "Ọmọ tí kò mọ èrò ọkàn rẹ ńkọ́? O fẹ́ kí a kó àwọn ọ̀dọ́ wá sílé Ọlọ́run ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, kí wọ́n wá ka Ògún. Ẹranko tó ń gba èèyàn wà níbẹ̀. Àgbélébùú dà?"

Àgbélébùú kékeré kan wà tí mo yà sí igun ojú ìran, mo fi hàn án. Ó wò ó títí. Ó ní ó dà bí igi ìdáná.

Wọn kò gbà á. Kò ní wọ gbọ̀ngàn ìjọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò sunkún títí wọ́n fi lọ tán. Mi ò sì sunkún lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n lọ.

Ọjọ́rú, 16

Ràmọ́nì bá mi nídìí igi máńgòrò lẹ́yìn lábù. Ó ti gbọ́. Ó gbé pépà oníhò-onígun wá, irú èyí tí wọ́n fi ń ya gíráàfù.

"Ohun tí Díákónì rí, ó rí i," ló sọ. "Ó kà á bó ṣe wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ kó má lè kà á bẹ́ẹ̀ mọ́."

Dúdú gbà kí a fúnra wa ya lẹ́tà díẹ̀ fún un, ojú kan lẹ́yìn ojú kan, bí ẹni tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè náà kò tó. Ibi tí a ń kó lẹ́tà sí náà ni a kó àwòrán sí: Àlejò, ẹranko, igi, àgbélébùú. Bí a bá fẹ́ àmì ohùn, àwòrán yóò lọ. Ràmọ́nì ní kí n rò ó wò.

Mo bi í bóyá ó ṣì ń bínú sí mi. Ó ní ta ló bínú.

Ọjọ́bọ̀, 17

Mo rò ó. Àwòrán igi lọ, mo fi ṣe ẹ. Àwòrán ẹranko lọ, mo fi ṣe ṣ. Àwòrán Àlejò fúnra rẹ̀ lọ, mo fi ṣe àmì ohùn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ku àgbélébùú, ó sì ku ọ. Ràmọ́nì fi mí sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ ra omi.

Mo pa àgbélébùú rẹ́, mo fi ṣe ọ.

Lẹ́yìn náà mo kọ "ọ̀kọ̀", mo sì rí i tó jáde lójú tẹlifíṣọ̀n bí a ṣe ń pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí èdè mi nínú iná. Bí àgbélébùú bá máa wà nínú ìtàn yìí, kó wà nínú ohun tí Àlejò ṣe. Mi ò nílò rẹ̀ ní igun.

Ẹtì, 18

Bàbá Ọdẹ́tọ́lá kò tíì dé. Ọjọ́rú ló bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí apá Irawo, níbi tí wọ́n ti ń sun igbó. Àwọn yòókù ti padà. Wọ́n ní èéfín ló yà wọ́n.

Àìkú, 20

Mo pa ìsìn òwúrọ̀ jẹ. Ìyá Ṣàngóbùnmi, ìyàwó Bàbá, máa ń jáde bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ó ń lọ sí ìpẹ̀kun ìlú lójú ọ̀nà Irawo, ó ru igbá omi. Mo bá a lọ lónìí. Àwọn ọdẹ ti tún wọgbó lọ wá a. Eérú igbó tí wọ́n sun ń bà lé orí aṣọ wa. Àwọn tó ń lọ sóko ń kí i, wọ́n ń sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ padà sílé, wọ́n á mú ìròyìn wá bá yín." Kò dá wọn lóhùn.

Mo bi í ohun tí omi náà wà fún.

"Òùngbẹ á ti máa gbẹ ẹ́," ló sọ.

A dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi mú.

Ìṣẹ́gun, 22

Wọ́n gbé Bàbá wálé lónìí. Abẹ́ igi ẹmì kan, igi òrí, ni wọ́n ti bá a, iná kò jó o, èéfín ni. Nígbà tí wọ́n yọ lójú ọ̀nà, Ìyá kò pariwo. Ó sọ igbá kalẹ̀, ó ń bu omi fún àwọn tó gbé e, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn fi mu. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó jókòó sílẹ̀.

Ohun tí àwọn ọdẹ ṣe lẹ́yìn náà, tiwọn ni. Mo wà nínú yàrá mi.

Ọjọ́bọ̀, 24

Mi ò fọwọ́ kan Dúdú. Mò ń kọ ìtàn ẹni tó jíǹde, mo sì ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò jíǹde. Bàbá kò sì tíì gbọ́ iṣẹ́ mi kó sọ bóyá mo purọ́ mọ́ igbó.

Àbámẹ́ta, 26

Mo ti rí i. Àárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀wà.

Ibi tí Àlejò kú sí, a ti ń parí rẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń wá bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kó parí. Ẹni tó ń ṣe géèmù kò ní jẹ́ Àlejò mọ́. Àlejò ti kú. Ilẹ̀ á mọ́, ẹni tó ń ṣe géèmù á di obìnrin kan tó gbé omi, tó ń lọ wá a.

Mo lọ bá Ìyá Ṣàngóbùnmi. Mi ò fẹ́ jí i gbé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, mo fẹ́ fi omi tí ẹ gbé yẹn sínú iṣẹ́ mi."

Ó ní, "Kí obìnrin yẹn má tètè padà o. Wọ́n á máa sọ fún un pé kó padà sílé. Kó má gbà fún wọn."

Ajé, 28

Mo sọ ọ́ fún Ràmọ́nì. Ó ń gbọ́, kò wo ojú mi.

"Nígbà tó débẹ̀, kí ló bá?"

Mo ní kò bá ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ṣófo.

Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Ibẹ̀ ṣófo," ló tún sọ. "Ikú yẹn, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, tiyín ni. Ọ̀nà tí obìnrin yìí rìn, àti ibi tó ṣófo yẹn, mo lè kọ wọ́n. Kò sí ohun tó di ọwọ́ mi níbẹ̀."

A kọ ọ́ pa pọ̀ títí tí àwọn ewúrẹ́ fi ń darí lọ sílé.

Ọjọ́rú, 30

Ó ti parí. Obìnrin náà ń lọ, àwọn èèyàn ń sọ pé kó padà. Ẹni tó ń ṣe géèmù gbọ́dọ̀ kọ̀ fún wọn. Ní ibi omi, kò sí ẹnikẹ́ni. Ohùn kan bèèrè: TA NI Ò Ń WÁ? Bí a bá tẹ ÀLEJÒ, ìdáhùn tèmi á jáde: KÒ SÍ NÍHÌN-ÍN. Ó TI JÍǸDE. MU NÍNÚ OMI RẸ. Bí a bá tẹ nǹkan mìíràn, Ràmọ́nì fi ìlà kúkúrú kan síbẹ̀ — KÒ SÍ NÍHÌN-ÍN — kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n ṣì í, kí wọ́n tún tẹ̀.

Ọ̀gá iléèwé yọ̀ǹda lábù fún Sátidé.

Ẹtì, 1 oṣù Kẹrin

Ẹtì Rere. Mo gbààwẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àbámẹ́ta, 2

Wọ́n wá, Kristẹni àti Mùsùlùmí, àwọn tó fẹ́ rí kọ̀ǹpútà lásán sì pọ̀ nínú wọn. Yétúndé ló kọ́kọ́ jókòó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbi tí ọ̀kọ̀ ṣẹ́. Nígbà tí Àlejò kú, ìka rẹ̀ ń wá bọ́tìnnì. Ojú ìran yí padà: ILẸ̀ MỌ́. ÌWỌ NI OBÌNRIN TÓ GBÉ OMI. Ó fọwọ́ sórí itan rẹ̀.

Nígbà tó parí, ó ní, "Tísà, a ò rí i nígbà tó dìde."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó rí i."

Ó mi orí. Ó dìde fún ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ mi yé.

Wọ́n ti ń tú ká nígbà tí Ọ̀pá wọlé. Òun nìkan, fìlà lọ́wọ́. Ó ní òun wá wò ó bóyá a ti yọ Ògún kúrò. Mo ní kó jókòó. Ó jókòó lónìí.

Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó fún ẹni tí ebi ń pa ní búrẹ́dì. Ó fún un ní gbogbo rẹ̀, kò ku nǹkan kan. Ẹnu yà mí. Ó fún ẹni inú òkùnkùn ní fìtílà. Àlejò kú, Ọ̀pá wúkọ́. Obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Wọ́n ní kó padà, ó tẹ RÁRÁ. Wọ́n ní kó padà, ó tẹ RÁRÁ.

TA NI Ò Ń WÁ?

Ó dúró. Ó wá lẹ́tà pẹ̀lú ìka. Ó tẹ̀: AWAWU.

KÒ SÍ NÍHÌN-ÍN.

Ó tún un tẹ̀.

KÒ SÍ NÍHÌN-ÍN.

Mo tẹ̀ síwájú. Mo ní, "Bàbá, Àlejò ni kí ẹ tẹ̀."

Kò yíjú. "Ohun tó bi mí ni ẹni tí mò ń wá."

Ìyàwó rẹ̀ ni. Dọ́káàsì la mọ̀ ọ́n sí, Màmá Dọ́káàsì tó ń gbé orin, tí a sin lọ́dún tó kọjá. Mi ò mọ̀ pé ilé Ìmọ̀lé ni wọ́n ti bí i, ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Ó sọ ọ́ fún mi níbẹ̀, ó ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n: "Dọ́káàsì ni ìjọ mọ̀. Àwáwù ni mo fẹ́."

Ràmọ́nì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́.

"Ṣé ibi tó mọ náà nìyẹn?" Ọ̀pá bèèrè.

Ìlà tí a kàn fi dí àyè. Mo wò ó níwájú ọkùnrin yẹn, ojú tì mí.

"Rárá, bàbá," mo ní. "A ò tíì parí rẹ̀. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé."

Àìkú, 3

Àjíǹde. Mo kọrin títí ohùn mi fi ha. Ọ̀pá wà níwájú, ní àyè rẹ̀, kò wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìsìn mo lọ sílé Ràmọ́nì. Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún mi lábẹ́ igi kajú. Mo ní a ní láti yí ìlà yẹn padà. Ó ní òun náà kò sùn dáadáa.

A jókòó, a ń wá ọ̀rọ̀. Mi ò lè kọ "ó ti jíǹde" fún gbogbo orúkọ. Irọ́ ni, Bàbá Ọdẹ́tọ́lá wà nínú ilẹ̀. Mo ń sọ ọ́, mo ń pa á rẹ́. Ràmọ́nì ló dá mi dúró.

"Ìyá Ìjọ. Gbogbo òkú ni Ọlọ́run yóò gbé dìde lọ́jọ́ ìkẹyìn. Àbí tiyín kọ́ nìyẹn?"

Mo ní tiwa ni.

"Tiwa náà ni. Kò sí ìjà níbẹ̀." Ó tún ní, "Orúkọ yòówù tí wọ́n bá tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi tẹ ìyẹn."

Ajé, 4

Ọlidé ni, lábù dá. Ràmọ́nì tan jẹnẹrétọ̀. Mo dúró tì í, ó fi ìka rẹ̀ tẹ̀ ẹ́: orúkọ yòówù, KÒ SÍ NÍHÌN-ÍN. YÓÒ JÍǸDE. Ó kà á, ó tún un kà. Ó gbé e sínú kásẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, kí NẸ́PÀ tàbí Èṣù má baà rí i gbà.

Díákónì Jẹ́ẹ́dé dé bí mo ṣe ní kó dé. Mo fi àga hàn án. Mi ò sọ fún un ohun tí a yí padà. A jáde, a fa ilẹ̀kùn, a lọ jókòó sídìí máńgòrò. Òjò ń ṣú lápá Ìwéré-Ilé.

À ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì, díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ràmọ́nì fẹ́ dìde, mo dì í mú láṣọ.

Nígbà tó yá, bọ́tìnnì tún bẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Orúkọ mìíràn ló ń tẹ̀, àti òmíràn. Orúkọ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti dàgbà.

Ràmọ́nì ní epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ẹ́ tán.

Mo dìde, mo mú kẹ́ẹ̀gì, mo lọ wá òmíràn.